Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò ní ẹ̀ṣọ́ nílé, tó wá ń dán gbinrin lóde, ohun àyálò ló wọ̀. Ọjọ́ tí olóhun bá bèèrè ohun rẹ̀, ojú yóò tì í. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ náà rí. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa nínú ilé, lọ́jà, nínú ọ̀rọ̀ owó àti lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, a kò lè rí i gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, bó ti wù kí gèlè ga tó, bó ti wù kí agbádá gbòòrò tó.

Ìlú bí Ayépé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, ni òwe yìí ti máa ń yé ènìyàn jù. Ní Èkó, ènìyàn lè máa gbé ní Ìkòròdú kó máa jọ́sìn ní Ìkẹjà, kí àwọn tó ń ṣe àmín sí ẹ̀rí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi má mọ ẹni tó ń bá a ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ní Ayépé, kò sí ibi tí a lè sá sí. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ nínú ìjọ, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó ń ka Bíbélì níwájú ìjọ, gbogbo ìlú ló mọ bó ṣe pín ilẹ̀ baba rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìnira ni èyí lójú ẹlòmíràn. Lójú tèmi, oore ńlá ni, nítorí kì í jẹ́ kí a tan ara wa jẹ pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi gbogbo ọkàn sọ nìyí: ìgbàgbọ́ tí aládùúgbò wa kò lè jẹ́rìí sí, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ọ̀rọ̀ Kristi ṣe wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn baba wa kò fi gba àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run láàyè. Wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà wọn, wọ́n ń ṣọ́ òwò wọn. Ogun Ìmàgbọ̀n, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ló já ilẹ̀kùn náà. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti di Kristẹni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ti di Mùsùlùmí. Àwọn ènìyàn fẹ́ ìwé kíkà, wọ́n sì fẹ́ mọ àṣírí agbára àwọn tó ṣẹ́gun wọn. Ní ọdún 1913, Ijebu-Ode Grammar School bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà. Ọpẹ́ ni fún ìwé tí a kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tó bá ìwé àti ọlá wọlé ní ewu tirẹ̀: ènìyàn lè gba orúkọ tuntun, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó gba ipò nínú ìjọ, kí ìwà rẹ̀ ṣì jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọdún 1918 ló yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tó pa ènìyàn káàkiri ayé, tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú, dé ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, alágbẹ̀dẹ wúrà kan, Joseph Shadare, kó àwọn díẹ̀ jọ láti máa gbàdúrà. Olùkọ́ obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, Sophia Odunlami, wà lára wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó di ọdún 1922, ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ ìwòsàn nípa àdúrà nìkan mú kí wọ́n kúrò nínú ìjọ tí wọ́n wà. Shadare pàdánù àyè rẹ̀ nínú àpérò ńlá ìjọ, Odunlami pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Láti orísun kékeré yìí ni odò tó di Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ti ń ṣàn bọ̀.

N kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ló fún dókítà ní ọgbọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ ìgbàgbọ́ dá aláìsàn dúró sílé. Ohun tí mo mú nínú ìtàn wọn ni pé ikú ń rìn nígboro, wọ́n sì wá ara wọn rí. Nígbà tí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ sì fẹ́ ná wọn ní ipò àti oúnjẹ òòjọ́, wọ́n san án. Kí ni ìgbàgbọ́ tiwa ń ná wa lónìí? Kí á mú un lẹ́sẹẹsẹ.

Ọjà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yà sí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, tí ẹni tó ra gàrí yóò délé tí yóò rí i pé kò pé. A mọ ẹni tó ń po gàrí tí kò yan dáadáa mọ́ èyí tó dára, tó wá ń pe gbogbo rẹ̀ ní gàrí Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ. Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbé kóńgò yín yípo kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ó bá ti wọnú, ẹ ra òmíràn kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Bí ọjà bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà, kí ẹ dín owó rẹ̀ kù. Ẹ ó rí i pé ẹni tí ẹ sọ òótọ́ fún lẹ́ẹ̀kan yóò máa rán ọmọ rẹ̀ wá bá yín láìyan ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Télọ̀ tó gba aṣọ ìkórè lọ́wọ́ ogójì ènìyàn, tó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò lè ká ju ogún lọ, tó sì ń sọ fún gbogbo wọn pé, "Ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé," irọ́ ogún ló pa yẹn. Kó gba ìwọ̀nba tó lè rán. Kó sọ fún ìyókù pé, "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ti kún, ẹ gbé e lọ bá ẹlòmíràn." Owó díẹ̀ yóò lọ lọ́wọ́ rẹ̀, òótọ́ ni. Níbi tí owó yẹn ti lọ gan-an ni a ti ń mọ̀ pé ìgbàgbọ́ dé. Nígbà tí Jésù wọ ilé Sákéù agbowó-òde, Sákéù dìde, ó ní òun yóò dá ohun tí òun rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Owó ló fi ṣe ẹ̀rí tirẹ̀.

Láti ọjà, ẹ jẹ́ kí á bọ́ sínú gbèsè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Kristẹni Ìjẹ̀bú ti ń jìyà, tí wọn kò sì lè sọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ìkórè dé, ẹgbẹ́ mú aṣọ. Òkú kú, ẹbí mú aṣọ. Ọmọ alága ṣe ìgbéyàwó, aṣọ mìíràn tún jáde. Obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ lójúlé kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kò bá ẹgbẹ́ pé, ó lọ yá owó sọ́gùndógójì, ó wọ aṣọ wákàtí mẹ́rin, ó fi oṣù mẹ́fà sá fún ẹni tó yá a lówó. Ní ọjọ́ tí ẹni yẹn bá rí i ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní í padà wá mọ́. Àwa náà yóò wá máa béèrè pé kí ló dé tí ìyá náà kì í wá sí ìsìn mọ́.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá ń ronú láti ra aṣọ ẹgbẹ́, kó bi ara rẹ̀ bóyá owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ti kúrò nílẹ̀, kó bi ara rẹ̀ bóyá ó jẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìdáhùn bá burú, kó wọ èyí tó wà nílé, kó jókòó síwájú, kó sì kọrin sókè. Ṣùgbọ́n ẹrù yìí kò gbọdọ̀ wà lórí akúṣẹ̀ẹ́ nìkan. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà. Ẹ fi aṣọ funfun tí olúkúlùkù ti ní ṣe aṣọ ìkórè. Ẹ má ṣe pe iye tí ènìyàn dá síta, ẹ má sì ṣe fi ìlù sin olówó kí ẹ wá fi ìdákẹ́jẹ́ sin opó. Jákọ́bù bá àwọn ìjọ àkọ́kọ́ wí kíkankíkan nítorí pé wọ́n ń fún olówó ní ìjókòó dáadáa, tí wọ́n ń ní kí òtòṣì dúró lọ́hùn-ún. Ìbáwí náà kò tíì kọjá lọ lórí wa.

Ohun tó wà nílẹ̀ wa tipẹ́ lè gbà wá nínú èyí. Èésú kì í ṣe ohun àjèjì sí Ìjẹ̀bú. Ká ní ogún ènìyàn nínú ìjọ kan ń dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́sẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ni yóò máa bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láìsí èlé, títí yóò fi kárí gbogbo wọn láàárín ogún ọ̀sẹ̀. Owó yẹn lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lè kún ọjà, ó lè san owó ilé ìwòsàn. Kí wọ́n fi ẹni tí wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù ṣáájú. Kí ẹni tó kọ́kọ́ kó má sì sá. Ẹni tó kó èésú tó dẹ́kun dídá, ó ti ja àwọn arákùnrin àti arábìnrin rẹ̀ lólè, kí ó má ṣe fi ààwẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kó wá, kó ṣàlàyé, kó bẹ̀bẹ̀, kó sì san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi í ṣẹ̀sín.

Ti owó ìjọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń gba owó ìrànlọ́wọ́ jọ fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, kò gbé e fún ẹnìkan. Ó yan àwọn arákùnrin tí àwọn ìjọ gbẹ́kẹ̀lé láti bá owó náà rìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àléébù kan tọ́ka sí. Bí àpọ́sítélì bá rí i pé ó yẹ kí ojú púpọ̀ wà lára owó, ta ni akápò wa tí yóò máa bínú nígbà tí a bá ní kó mú ìwé wá? Kí ènìyàn mẹ́ta ka owó lẹ́yìn ìsìn kí wọ́n tó jáde. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lu ìwé. Kí a máa kà á sí etí ìjọ lóṣooṣù, iye tó wọlé àti ohun tí a ná an sí. Èyí ni ààbò akápò olóòótọ́, nítorí ní ìlú kékeré, òfófó lórí owó lè ba orúkọ tí ènìyàn fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí á tó máa ná owó sórí ilé àti gbohùngbohùn, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tó wà láàárín wa. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ìjọ kò tíì pẹ́ tí ìkùnsínú fi dé, nítorí pé wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì dá nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí àwọn opó lọ gbàdúrà sí i. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí wọ́n ní orúkọ rere láti bójú tó o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, wọ́n sì wá ẹni tó kún fún Ẹ̀mí fún un.

Ní Ayépé, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú Ìjẹ̀bú, ọmọ ti lọ sí Èkó, òmíràn ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé alájà kan tó dára wà nílẹ̀, ìyá àgbà kan ṣoṣo ló ń gbénú rẹ̀. Owó lè máa wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ kí ẹni tí yóò bá a pọn omi má sí. Kí ìjọ yan ènìyàn méjì fún ìtún kọ̀ọ̀kan nínú ìlú. Kí wọ́n mọ orúkọ gbogbo àgbà tó ń dá gbé níbẹ̀, yálà ọmọ ìjọ ni tàbí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Bí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n kí wọn bó ti yẹ: "Ẹ kú ilé, ìyá wa. Ṣé ẹ jíire? Ṣé ẹ ti jẹun?" Kí wọ́n wo ìkòkò omi. Kí wọ́n béèrè bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò tíì tán. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí ìwàásù dúró títí ìkọ́kọrẹ́ yóò fi jinná. Ẹ má sì ṣe ya fọ́tò ẹni tí ẹ fún ní ìrẹsì. Ìyì rẹ̀ wà lára ohun tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ yín.

Láàárín àwọn tí ẹ ó kí, Mùsùlùmí yóò wà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ìjẹ̀bú mọ èyí. Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wá wò ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ló ti ṣẹ̀ wá, pé ó fún wọn láyè láti jọ́sìn. Orúkọ Balógun Kúkù, tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní 1902, kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn náà. Lónìí, Kristẹni àti Mùsùlùmí ń wọ aṣọ régbérégbé kan náà, nítorí ọjọ́ orí ló kó wọn jọ. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ràfíù, àbúrò ń jẹ́ Joṣúà.

Kí ni kí Kristẹni ṣe nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Kó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ọdún tọkàntọkàn. Kó bá wọn tọ́jú aláìsàn, kó dá owó tó kàn án nínú ìnáwó òbí. Kí ìjọ yí gbohùngbohùn sínú nígbà ìṣọ́ òru, kí ọmọ aládùúgbò tó ní ìdánwò lè sùn. Bí ẹbí bá fẹ́ ṣe ètùtù kan tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà, kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, kó ní, "Ẹ̀yin baba mi, ẹ má bínú. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. N kò ní lè bá yín débẹ̀, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àwọn àlejò tó kàn mí nìyí." Kò sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò sì bú baba ẹnikẹ́ni. Mo ti rí àwọn tó fi ariwo pe ẹbí wọn ní abọ̀rìṣà, tí ẹbí náà kò sì gbọ́ ìwàásù lẹ́nu wọn mọ́ títí di òní.

Ó ku ìjà, nítorí ibi tí ènìyàn méjì bá ti ń jọ́sìn pọ̀, ìjà yóò dé. Ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà. Àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Jésù ti lànà ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ ní ìwọ àti òun nìkan, bí kò bá gbọ́, mú ẹnìkan tàbí méjì dání, lẹ́yìn náà ni ìjọ yóò tó gbọ́. Àwa ti yí i padà. Ojú ìwé Wasáàpù ìjọ la kọ́kọ́ ń gbé e sí, ìjọ yóò gbọ́ ní Ayépé, àwọn ọmọ wa yóò gbọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣẹ̀ wá ni yóò gbọ́ kẹ́yìn. Ohun tí ènìyàn fi omijé sọ nínú ìpàdé àdúrà pẹ̀lú kò gbọdọ̀ di ìròyìn lọ́jà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́, kó sọ fún ìjọ pé kí wọ́n má fi òun sínú ẹgbẹ́ alágbàwí.

Bí ẹ bá ń lọ parí ìjà, ẹ má gbé ẹjọ́ àtijọ́ dání. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọjà ti tú. Ẹ sọ apá tiyín kí ẹ tó kan apá tiwọn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ ìpàdé kò dára, ẹ forí jì mí." Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí owó, ẹ pe àgbà méjì tí ẹ̀yin méjèèjì gbà, kí wọ́n kọ ohun tí ẹ fohùn ṣọ̀kan lé lórí sínú ìwé. Ìdáríjì kò sọ pé kí á má kọ̀wé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ ti lílu obìnrin tàbí ìbàjẹ́ ọmọdé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìjọ ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi kúrò nínú ewu, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà tó ìjọba létí. Àánú fún ìkà kò gbọdọ̀ di ìyà fún aláìṣẹ̀.

Ẹ lè sọ pé iṣẹ́ yìí pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ju agbára ìjọ kékeré kan lọ, kò sì sí èyí tó ń dúró de kí a parí ilé ìjọsìn tuntun. Jésù ní bí ènìyàn bá gbé ọrẹ dé iwájú pẹpẹ, tó rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun, kó fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ rẹ́. Ọlọ́run gbà kí ọrẹ dúró. Nítorí náà, ní alẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kí ẹ tó lọ aṣọ tí ẹ ó wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ orúkọ mẹ́ta sínú rẹ̀: ẹni tí ẹ jẹ lówó, ẹni tí ẹ kì í bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tó ti pẹ́ tí ẹ kò ti rí nínú ìjọ. Bí ilé ẹni tí ẹ jẹ lówó bá wà nítòsí, ẹ dìde báyìí, ẹ mú iye tó bá wà lọ́wọ́ dání, kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.